Aṣọ Tó Wà Lábẹ́ Páànù

Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá wa gbé ilé yìí rí, títí kan àwọn tí kò lò ju oṣù kan lọ kí wọ́n tó kó ẹrù wọn. Ṣùgbọ́n n kò ní kọ orúkọ ẹnì kankan síbí. Orúkọ tó wù mí láti kọ jù lọ ni ti ìyàwó mi, bí mo bá sì kọ ọ́, ọwọ́ mi ò ní lè kọ nǹkan mìíràn mọ́ lọ́jọ́ náà. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti bọ́ sídìí òfì bàbá mi. Ẹ bá mi fara dà á.

Ahunṣọ ni mí. Láti apá Ọ̀yọ́ ni èmi àti ìyàwó mi ti wá sí Ìbafò, nígbà tí ilé ò tíì pọ̀ báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀. Yàrá kan àti pálọ̀ la rẹ́ǹtì. A ní ká fi gbà á díẹ̀ ná, ká tó kọ́lé tiwa sórí ilẹ̀ tí a rà ní Ìfọ̀. Díẹ̀ náà la dàgbà sí. Ìpìlẹ̀ ilé ti Ìfọ̀ wà níbẹ̀ dòní, koríko ti bò ó.

Páànù lásán ló wà lórí ilé tí a ń gbé yìí. Sílíìnì wà níbẹ̀ nígbà kan, ṣùgbọ́n ó jẹrà, ìyá onílé sì ní ká yọ ọ́ kó má baà já lé ẹnikẹ́ni lórí. A yọ ọ́, kò sì sí ẹni tó fi òmíràn rọ́pò. Bí o bá fẹ̀yìn lélẹ̀ tí o gbójú sókè, páànù lo máa rí, pẹ̀lú igi tó gbé e ró. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti ìyálẹ̀ta títí wọ́n á fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́ ní mọ́ṣáláṣí, kò sẹ́ni tó ń jókòó sínú ilé. Kálukú á gbé àga lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Abẹ́ igi náà ni òfì tèmi náà wà.

Ìyẹn dára fún ẹni tó lè dìde.

Rọpá-rọsẹ̀ kọ lu ìyàwó mi, ó mú gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, bí ẹni ń fa òwú jáde nínú èyí tó lọ́. Ìbàdí mi ò lè gbé e mọ́. Àwọn tó lè bá mi gbé e nínú ilé náà, òwúrọ̀ kùtù ni wọ́n ti ń lọ sí Èkó, ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú ni wọ́n ń dé. Nítorí náà, nígbà tí oòrùn bá ń le lórí páànù, abẹ́ rẹ̀ ló máa ń wà. Èmi á jókòó tì í, màá máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ooru láti apá kan sí apá kejì. Egbò yọ sí i lẹ́yìn. Òógùn ò jẹ́ kó jinná.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní òpópónà kejì ló ń wá bá wa tọ́jú egbò náà. Lọ́jọ́ kan ó fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ yọ, ó pè mí sójú ọ̀nà.

Ó ní, “Bàbá, oògùn mi ò lè ṣe ju báyìí lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ooru kì í ṣọ̀rẹ́. Tí yàrá yìí bá ń gbóná báyìí títí òjò á fi dé, màmá ò ní lè dúró.”

Mo ní, “Ṣé kí n ṣí páànù kúrò lórí ilé onílé ni?”

“Ẹ gbé fáànù sí i.”

“Fáànù wà níbẹ̀ yẹn. Ó ń retí iná, bí gbogbo wa.”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. “Ẹ wá nǹkan ṣe, Bàbá. Mi ò ṣeré.”

Àbúrò mi kan ṣoṣo ló kù fún mi láyé, Mówè ló ń gbé. Òun ni mo pè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi aṣọ wé sàlẹ́ńsà àwọn jẹnẹrétọ̀ ńlá tó tó yàrá kan, èyí tí àwọn iléeṣẹ́ ń lò. Sàlẹ́ńsà náà, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, a máa gbóná débi pé bí ewé gbígbẹ bá bọ́ sára rẹ̀, yóò gbiná. Aṣọ tí wọ́n fi ń wé e kì í ṣe òwú oko. Díńgí ni wọ́n yọ́, tí wọ́n fà á tín-ín-rín ju irun orí lọ, tí wọ́n wá hun ún. Òwú náà a máa ta sí ara ẹni, nítorí náà àbúrò mi kì í yéé yún ara. Bí ó ti wọlé lọ́jọ́ náà, ìyàwó mi ti bẹ̀rẹ̀.

“Ọkọ mi kékeré... ẹ jókòó lọ́hùn-ún. Ẹ má yún... ara yín... sórí ibùsùn mi.”

Àbúrò mi pàtẹ́wọ́. “Haa! Ẹ̀gbọ́n, ṣé apá ọ̀tún nìkan ni wọ́n ní àìsàn yìí mú? Kò ran ẹnu ìyàwó yìí rárá!”

“Ẹnu... ni wọ́n fi sílẹ̀... fún mi. Ẹ fẹ́... gba ìyẹn náà?”

Bí wọ́n ti máa ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí mo ti gbé e wọlé. Àbúrò mi ò jókòó. Ó wo páànù, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó jáde. Nígbà tó padà lọ́jọ́ kejì, ó ru aṣọ wá: àjákù tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́, tí ó ti rán pọ̀ dé ìwọ̀n yàrá wa.

Kó tó so ó, ó ní kí n wá wo nǹkan. Ó yá áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ́wọ́ alágbàfọ̀ tó wà níwájú ilé, ó gbé e lé orí bíríkì méjì kí ìdí rẹ̀ lè kọjú sí wa. Ó ní kí n na àtẹ́lẹwọ́ mi sí i láìfara kàn án. Ooru rẹ̀ kọ lù mí. Ó wá na irú aṣọ òwú díńgí náà kan sáàárín, èyí tí wọn ò fi nǹkan kan bò, funfun báláú bí iyọ̀. Ara tù mí díẹ̀. Kò pẹ́ tí ooru tún bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ mi, bíi pé aṣọ funfun náà ti di áyọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀.

Ó fa ìyẹn kúrò, ó na èkejì, èyí tí ojú rẹ̀ kan ń dán. Mo dúró. Mo tún dúró. Ọwọ́ mi tutù.

Mo ní, “Kí ló fà á?”

Ó ní, “Ẹnjinníà òyìnbó kan ló là á yé mi lọ́jọ́sí. Ooru tó ń fò láti ara irin gbígbóná, ìmọ́lẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n. Ojú wa ni kò rí i. Òwú díńgí lásán yìí, ìmọ́lẹ̀ tí ojú rí ń kọ lù ú, ó ń ta káàkiri, ìdí nìyẹn tó fi funfun. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ooru, mímu ló ń mu ún. Tó bá wá mu yó, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ọ́ jáde sórí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Funfun ni lójú ẹ̀yin àtèmi. Lójú ooru, dúdú ni, bí ìdí ìkòkò.”

“Èyí tó ń dán yìí ńkọ́?”

“Wọ́n fi alumíníọ̀mù bo òwú rẹ̀. Ìyẹn ò mu ooru. Òwú kọ̀ọ̀kan á gbá a dànù sí ibi tó bá kọjú sí.”

Mo mú aṣọ náà, mo sì ṣe ohun tí ahunṣọ máa ń ṣe sí aṣọ aláṣọ: mo tú òwú kan jáde ní etí rẹ̀. Èmi náà ń hun òwú tó ń dán sára aṣọ òfì, mo sì mọ̀ pé ọ̀rá lásán ló wà nínú rẹ̀, awọ ara rẹ̀ nìkan ló ń kọ mànà. Bákan náà ni èyí rí. Nínú rẹ̀, díńgí. Lára rẹ̀, alumíníọ̀mù tó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ, lójú kan nìkan. Mo wojú mi nínú aṣọ náà, n kò rí i. Díńgí a máa dá ojú ẹni padà fún ẹni. Èyí ń fọ́n ọn ká bí ìpẹ́ ẹja tí wọ́n dà sóòrùn.

Nígbà tí ó fẹ́ so ó, ìyàwó mi ní rárá. Kò ní sùn lábẹ́ nǹkan tó ń dán.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, àrá pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin níbi tó ti ń ya irun níwájú díńgí. Ojú rẹ̀ ló ṣe. Nínú ilé wa, ojú ọjọ́ ò ní tíì ṣú tán tí yóò fi bo díńgí, tí yóò fi aṣọ bo ojú tẹlifíṣọ̀n, tí yóò dojú àwọn abọ́ irin délẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Àwọn ìyá wa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í ṣe àṣà lásán.

Àbúrò mi ò bá a jiyàn. Ó ní, “Kò burú, Ìyàwó. Ojú tó ń dán, màá kọ ọ́ sí páànù. Funfun ni wàá máa wò. Ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀, òkè ni ọ̀tá ti ń bọ̀.”

Ó gun àkàbà, ó fi wáyà so aṣọ náà mọ́ igi, ó sì fi àlàfo tó tó ìbú ọwọ́ sílẹ̀ láàárín aṣọ àti páànù. Bó ti sọ̀kalẹ̀, ó na ìka sókè.

“Ẹ̀gbọ́n, àlàfo yẹn, ẹ má fi nǹkan kan dí i. Dídán yẹn ò lè lé ooru tó bá ti fara kàn án. Ó ní láti rí i lókèèrè kó tó lé e.”

Yàrá náà yí padà. N kò ní sọ pé ó di ilé òtútù, ṣùgbọ́n ó di ibi tí ènìyàn lè jókòó sí lọ́sàn-án gangan. Ìyàwó mi sùn lọ́sàn-án. Egbò ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbẹ létí. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, “Bàbá, kí lẹ lò sí i?” Ìyàwó mi ní, “Aṣọ... sàlẹ́ńsà.” Nọ́ọ̀sì rò pé orí rẹ̀ ti ń dàrú.

Ohun mìíràn wà tí a kò retí. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń kọ lu aṣọ funfun náà, ó sì ń fọ́n sí gbogbo yàrá. Bí ẹnikẹ́ni bá gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá, àwọ̀ aṣọ rẹ̀ á rìn lókè orí wa, fẹ́ẹ́rẹ́, bí omi aró tí wọ́n ti bu omi là. Tí àwọn aláṣọ funfun bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo òkè yàrá á mọ́ kedere. Ìyàwó mi tí kò tíì rí òpópónà láti ìgbà tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ẹni tó ń kọjá. Ó di eré láàárín wa. Òun á pe orúkọ, èmi á yọ orí lójú fèrèsé.

“Fọkanáísà... ni. Ó gbé táyà.”

“O gbà á.”

“Èyí... aláwọ̀ ewé. Ìyàwó... ìmáàmù.”

“O tún gbà á. Ṣé o kì í yọjú nígbà tí mo bá sùn?”

“Ẹsẹ̀... yín ni mo yá.”

Ọ̀rọ̀ ìyá onílé ló kàn. Obìnrin àgbà ni, ọmọ onílẹ̀, a kì í bá a fa ọ̀rọ̀. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, oòrùn ti ń lọ sílẹ̀, ó rí ohun kan tó ń kọ mànà lábẹ́ etí òrùlé wa. Ó dúró ní àgbàlá.

“Bàbá ahunṣọ, kí ló ń tàn lábẹ́ páànù mi yẹn?”

Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ ọ tán.

“Òjò ń bọ̀. Ẹ sì gbé díńgí sójú sánmà.”

“Ìyá, kì í ṣe díńgí. Ojú ẹni ò hàn nínú ẹ̀.”

“Ṣé ojú rẹ̀ ni àrá ń wá wò? Dídán ló ń wá! Ìdílé mélòó ló wà lábẹ́ òrùlé yìí?”

Obìnrin tó ń ta ẹja ní yàrá kejì yọ síta. “Ìyá, ẹ bá wa bi wọ́n o. Èmi ṣì fẹ́ rí ìyàwó ọmọ mi.”

Mo sọ pé màá pe àbúrò mi. Ohùn wọn lọ sókè, ó sì wọ yàrá. Kò sí ohun tí ìyàwó mi ò gbọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ dé pẹ̀lú ìjì lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Àrá sán bí ẹni ń la igi. Mo ti bo díńgí, mo ti bo tẹlifíṣọ̀n. Ìyàwó mi fi ọwọ́ òsì di apá mi mú. N kò mọ̀ pé agbára kù lọ́wọ́ náà tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, àwọn ibi tí kò tíì mira láti ìgbà àìsàn náà ń gbọ̀n.

“Bò ó.” Kò lo “ẹ” fún mi. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, kò bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

“Òkè ló kọjú sí. Kò kọjú sí ọ.”

“Òkè... ni àrá... ti ń bọ̀.”

Mo rán an létí ohun tí àbúrò mi sọ nípa àlàfo. Mo sọ fún un pé bí a bá dí i, ooru á padà. Àrá mìíràn sán. Ìyàwó mi wá sọ ọ́, ó sì pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán:

“Ooru... mo mọ̀ ọ́n. Ó ti bá mi gbé. Àrá... kì í bá ènìyàn gbé.”

Ó na ọwọ́ sí àpótí aṣọ rẹ̀. Ẹtù ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, aṣọ òfì aláró dúdú tó nípọn, tí èmi fúnra mi hun fún un kí n tó gbé e níyàwó. Kò sí aṣọ tó ṣókùnkùn tó o nílé. Òun ló fẹ́. Nígbà tí òjò dá, dírẹ́bà tó ń gbé yàrá iwájú gun àga, ó nà án sórí aṣọ sàlẹ́ńsà náà, ó ń tì í bọ inú àlàfo títí kò fi sí ibi tó ṣófo mọ́. Ìyá onílé wá wò ó níta, kò rí mànà kankan, ó ṣàdúrà fún wa, ó lọ. Ìyàwó mi sùn dáadáa.

Òkè yàrá ṣì funfun. Àwọ̀ àwọn èrò ọ̀nà ṣì ń kọjá níbẹ̀. Ẹni tó bá wò ó á ní kò sí ohun tó yí padà.

Òjò náà rọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ó sá lọ. Oòrùn tó tẹ̀ lé e burú ju ti ẹ̀ẹ̀rùn lọ, nítorí ilẹ̀ ti mu omi, ó wá ń mí ooru sókè. Mo dúró lórí àpótí lọ́sàn-án kan, mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ aṣọ funfun náà. Bí ẹni súnmọ́ ẹnu ààrò ni. Páànù ti fún ẹtù ní ooru, ẹtù ti gbé e fún òwú díńgí, òwú díńgí sì ń pọ̀ ọ́ sórí ìyàwó mi. Funfun báláú.

Ojoojúmọ́ ni mo ń bi í léèrè. “Ṣé kí n ní kí dírẹ́bà yọ ọ́?” Ojoojúmọ́ ló ń wo ojú fèrèsé. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, mànàmáná máa ń ṣẹ́jú lọ́nà Èkó, lọ́nà jíjìn, láìsí òjò. Yóò mi orí. Àbúrò mi wà níbi iṣẹ́ kan lápá Ìfọ̀, ó ní òun á yọjú tí iṣẹ́ bá parí. Egbò tó ti ń gbẹ tún là. Ibà mú un. Nọ́ọ̀sì fa omi sí i lára, ó gbójú sókè wo aṣọ náà, kò mọ ohun tó ń wò.

Ọ̀sán ni. Mo ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Àwọn aláṣọ funfun ń kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kọrin, gbogbo òkè yàrá sì mọ́.

Mo ní, “Ta ló ṣáájú wọn yẹn?”

Kò dáhùn. Mo yọ orí síta, mo wò ó, mo pe orúkọ náà fún un. Mo rò pé ó sùn.

Àbúrò mi dé kí a tó gbé e lọ sin. Ó dúró láàárín yàrá, ó gbójú sókè. Kò yún ara.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló dí ibẹ̀?”

“Ìyàwó ni.”

Ó gun àkàbà, ó fa ẹtù náà jáde. Ojú tó kan páànù ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Àwọn àgbà obìnrin tó wà níbẹ̀ béèrè aṣọ tí wọn yóò fi wé ìyàwó mi, nítorí ẹtù la fi ń sin àgbà nílùú wa. Mo ní òun nìyẹn. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ lé e lórí, mo fi ọwọ́ tẹ́ ẹ dán kó má ká. Aṣọ náà gbóná. Mo mọ̀ pé ooru páànù ni. Ọwọ́ mi ò mọ̀, ọwọ́ mi ń wá ẹni tó ń móoru nísàlẹ̀ rẹ̀, ó pẹ́ kí wọ́n tó lè gbé e kúrò níbẹ̀.

Ìfọ̀ la sin ín sí, sáàárín ìpìlẹ̀ náà, níbi tí a ti pinnu pé yóò jẹ́ pálọ̀.

Òjò ti wá fìdí múlẹ̀ báyìí. Àlàfo wà lókè, kò sí ohun tó dí i, yàrá sì tutù bí àbúrò mi ti ní yóò tutù. Ìyá onílé wá sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ojú ọjọ́ ṣú.

“Bàbá, ẹ ò bò ó?”

“Kò sí aṣọ mọ́, Ìyá.”

Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́,” ó wọlé tirẹ̀ lọ. Mo bo díńgí, mo bo tẹlifíṣọ̀n, mo dojú àwọn abọ́ irin délẹ̀, nítorí ti ìyàwó mi nìyẹn. Èyí tó wà lókè, mo fi í sílẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ sí ibi tó ń dùbúlẹ̀ sí. Àrá sán títí, kò bá mi sọ nǹkan kan, ó kọjá sí ọ̀nà Mówè.

Nígbà tí òjò dá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àwọ̀ kan rìn lókè, aláwọ̀ ewé. Mo pe orúkọ rẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e, ó dúdú, ó gbé nǹkan ńlá dání. Mo pe ti ìyẹn náà. N kò dìde lọ yọ orí lójú fèrèsé. Kò sẹ́ni tí màá sọ fún bóyá mo gbà á.